Mọ́tò Tó Ní Bẹ́ẹ̀dì Nínú

Kí n tètè jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: owó àjọ ni mo fi rà á. Kì í sì í ṣe owó àjọ tèmi o, ti ìyàwó mi ni. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ́nà méjì, ìyẹn ₦400,000, tí obìnrin náà fi ọdún méjì dá nídìí aṣọ tó ń tà. Ó kó o lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ra páànù sí ilé kékeré tí a ń kọ́ sí Ìlógbò-Èkìtì, ìlú mi. Páànù ni mo bá dé Ìlógbò, mọ́tò ni mo rà. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín ná.

Ọdún 2018 ni, nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan ṣì jẹ́ náírà 145. Mo yà kí ìyàwó olùkọ́ àgbà kan tó ti di olóògbé. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wọn ni mo ti rí i. Adìyẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀, ewé gbígbẹ ti bo orí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì Volkswagen ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dáńfó l'Ékòó nígbà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò rí ìjókòó èrò. Bẹ́ẹ̀dì ni mo rí, àti kọ́bọ́ọ̀dù, àti sítóòfù olójú méjì, àti ibi tí a ti ń fọ abọ́. Òrùlé rẹ̀ gan-an ṣeé gbé sókè bí ẹni ṣí agboòrùn. Ilé ni, ilé tó ní táyà.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, bàbá àwọn ọmọ mi rà á lọ́wọ́ òyìnbó tíṣà kan ní 1979. Òyìnbó náà ní òun wà á gba inú aṣálẹ̀ wọ Kánò ni."

N kò jiyàn. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló ń wa irú mọ́tò yìí gba Àlùjíríà, wọn a kọjá ní Tamanrasset, wọn a já sí Agadez, kí wọ́n tó wọ ilẹ̀ wa.

Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Ó ṣèlérí pé òun yóò fi gbé mi lọ sí Ìkọ́gọ̀sì, kí n fojú ara mi rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ká sì sùn inú rẹ̀ mọ́jú. 'Lọ́dún tó ń bọ̀, lọ́dún tó ń bọ̀,' ló ń wí títí ọlọ́jọ́ fi dé."

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi níbi tí kò dára. Èmi náà ti wí irú rẹ̀ fún ìyàwó mi fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ń gbé mi kiri, mo ń kọ̀ròyìn ìlú onílùú, òun ń ṣọ́ ilé. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti sanwó, mo ti gbàwé mọ́tò.

Kì í ṣe mọ́tò yẹpẹrẹ kúkú ni. Ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Ben Pon ló ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé pélébé ní 1947. Ní 1950 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì. Ilé iṣẹ́ Westfalia ló bẹ̀rẹ̀ sí í to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀ láti 1951. Títí di 1967, gíláàsì iwájú rẹ̀ pín sí méjì. Tèmi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, àbúrò ni. Ìdí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà bíi ti ìjàpá, kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Ní Brazil, wọn kò ṣíwọ́ ṣíṣe é títí di ìparí 2013.

Gbogbo èyí ni mo kà sí ìyàwó mi létí lórí fóònù. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ní, "Ó dáa," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní Ìdó ló bá mi jí ẹ́ńjìnnì náà. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi sukudiráfà gún ilẹ̀ rẹ̀, ó wọlé ṣìnkìn bí ẹni gún mọ́ínmọ́ín. Ó jáde, ó nuwọ́.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó?"

"Rárá, bàbá."

"Ẹ ò wò ó! Ó dáa. Ẹ ó jó ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó ṣe bíréèkì. Ẹ ó sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà. Rọ́bà yẹn ti gbó. Orí ẹ́ńjìnnì ni bẹ́ẹ̀dì yín wà o."

Mo jó ilẹ̀, mo ṣe bíréèkì. Ìyókù owó ọwọ́ mi, ọ̀dà ni mo fi kùn ún, funfun lókè, búlúù nísàlẹ̀, kí ìyàwó mi lè rí i kí inú rẹ̀ yọ́. Ní ti rọ́bà epo, mo ní, "Bàbá, ó di oṣù tó ń bọ̀."

Ẹ gbọ́ mi? Oṣù tó ń bọ̀!

Ìyàwó mi wá sí Ìlógbò pẹ̀lú ọmọ wa àbíkẹ́yìn, ó wo mọ́tò náà yípo, kò sọ nǹkan kan, ó wọlé jókòó. À ń padà s'Íbàdàn. A kọjá Ìjerò, a kọjá Àrámọ̀kọ, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wa lọ́nà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lápá Ẹ̀fọ̀n, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, ọmọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì gbórí sókè.

"Bàbá mi, epo ń rùn níbi tí mo sùn sí."

Mo fẹ́ sọ pé kó padà sùn. Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́. "Pa á! Pa mọ́tò yìí nísinsìnyí!"

Mo pa á. A bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú eré. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: rọ́bà ti sán, bẹntiróòlù ń kán tó, tó, tó, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná janjan. Irin màgnísíọ̀mù wà nínú ara ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn. Bí ó bá gbiná, omi kì í pa á. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo jókòó sínú koríko. Ìyàwó mi gbá ọmọ mọ́ra, ó wò mí.

"Owó òrùlé ni mo fún ọ. Díẹ̀ ló kù kí o fi ra pósí."

Mẹkáníìkì kan gun ọ̀kadà wá bá wa láti Àrámọ̀kọ. Rọ́bà tuntun àti owó iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà. Ọ̀dà tí mo kùn jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san owó àjọ náà padà, tí mo ń kọ̀wé lóru fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. A kan páànù. Ní Oṣù Kejìlá 2019, lẹ́yìn tí bàbá mẹkáníìkì Ìdó ti wo ohun gbogbo lókè nílẹ̀, mo lọ gbé ìyá olùkọ́. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ gbé e. A wà á dé Ìkọ́gọ̀sì. Ìyá bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, ó ti èkejì bọ omi tútù, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó gbóná lóòótọ́," ló wí.

Lálẹ́, òun àti ìyàwó mi ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi sùn síwájú, níbi síárìn, ọrùn mi wọ́. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ó dá mi lójú pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tí mọ́tò àtijọ́ bá ń wù, n kò ní kí ẹ má rà á. Ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ ṣe rọ́bà epo kí ẹ tó kun ọ̀dà. Bí owó náà bá sì jẹ́ ti ìyàwó yín, ẹ bi í kí ẹ tó ná an.