Alárenà Inú Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ojú bá ti mọ ojú, alárenà a yẹ̀bá. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́sọ́nà ni wọ́n fi òwe yìí ṣe, ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní ìlú Houston ni ó ti yé mi yékéyéké.

Ọmọkùnrin mi ló ni ọkọ̀ náà, Chevrolet Camaro ti ọdún 1987. Ó fi camshaft mìíràn sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Àmọ́ bí a bá dúró níbi iná tí ń darí ọkọ̀, ńṣe ni ọkọ̀ náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Nígbà mìíràn, a kú pátápátá. Mo ní ó ti ba ọkọ̀ rere jẹ́, mo ní onínàákúnàá ni. Ọmọ náà dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín èmi àti òun.

Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ló bẹ̀ mí pé kí n lọ ràn án lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ọmọ mi ti ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì kò lárùn. Torque converter tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà ni kò bá a mu mọ́. Bí ẹ bá gbé fáànù méjì kọjú síra, tí ẹ tan ọ̀kan, atẹ́gùn rẹ̀ yóò mú èkejì yí. Bẹ́ẹ̀ ni converter ṣe rí, àfi pé ọ́ìlì ló dípò atẹ́gùn, tí ohun kẹta sì wà láàárín tí ń darí ọ́ìlì náà padà kí agbára lè pọ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Hermann Föttinger, ará Jámánì, ló gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905. Ọkọ̀ ojú omi ló sì ní lọ́kàn. Alárenà ni ọ́ìlì yìí jẹ́.

Converter àtijọ́ ti ń gbé ẹrù ọkọ̀ lé ẹ́ńjìnnì lórí kí ó tó yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ agbára camshaft tuntun kò tíì dé nígbà náà. Tuntun tí ó rà yóò jẹ́ kí ó yí dé nǹkan bí 2,800. Ṣùgbọ́n oyin kò ṣàìní oró: ọ́ìlì yóò máa gbóná jù, ọkọ̀ yóò sì máa mu epo sí i. Nítorí náà ni ó ṣe ra ohun tí ń mú kí ọ́ìlì tutù.

Ní ọjọ́ Sátidé, a sọ gíà kalẹ̀, a sì ti converter tuntun bọ̀ ọ́. Ó dún "kò". Mo gbá bóòtù mú kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ẹ dúró ná, Dádì. Kò tíì jókòó."

Ó rọra ń yí i, ó ń tì í. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní bí a bá fi bóòtù fà á wọlé tipátipá, pọ́ǹpù inú gíà ni yóò fọ́. Ojú tì mí. Báyìí gan-an ni mo ṣe bá òun náà lò.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ jáde, ó dúró jẹ́ẹ́ níbi iná. Nígbà tí ọ̀nà là, ó fò bí ìgalà. Ní títì márosẹ̀, bí eré ti dọ́gba, ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi ní kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú converter tí ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà tààrà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ọ́ìlì kò fi ní iṣẹ́ ẹ̀ láàárín wọn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo pa òwe náà fún un. Ó ní kí n tún un pa kí òun lè kọ́ ọ.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni òun yóò bá mi sọ fún ọmọ. Mo ní kí ó lọ sinmi.