Òkúta Ẹ̀gbá Létí Òkun Èkó

Àwa mẹ́rin tí a ń gbé Festac, omi ọ̀sà kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti wọ yunifásítì, ẹsẹ̀ wa ò kan iyanrìn òkun. Nígbà tí ìdánwò parí, a dá owó jọ, a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mile 2 lọ sí CMS, a sì wọ òmíràn lọ sí Tarkwa Bay.

Ọmọ Ẹ̀gbá tó wà láàárín wa ń bẹ̀rù omi. Títí a fi gúnlẹ̀, ó ń pe Jésù, àwa náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Torí àtirìn lórí òkúta la ṣe lọ. Iyanrìn ni etí òkun Èkó, kò ní àpáta tirẹ̀. Àwọn òyìnbó ló da òkúta wọnú òkun lẹ́nu èbúté, láti nǹkan bí 1908, kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Arò, l'Ábẹ́òkúta, ni wọ́n ti fọ́ òkúta náà, rélùwéè ló kó o wá. Bí a ṣe sọ èyí, ọ̀rẹ́ wa fò dìde: "Òkúta ilé wa nìyí? Ẹ yà fún mi!" Òun ló ṣáájú.

Òkúta ọ̀hún ń yọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì lọ o. Lápá kan, ó gba iyanrìn dúró. Lápá kejì, òkun ń jẹ ilẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe Bar Beach nìyẹn.

Nígbà tí a padà, a ra ẹja díndín lọ́wọ́ ìyá kan. A bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ̀rù òkun ò bà yín níbí?" Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òkun ò lé wa. Èèyàn ló lé wa." Ní oṣù kìíní 2020, wọ́n lé àwọn ará Tarkwa Bay, wọ́n sì wó ilé wọn. Ìyá náà ṣì ń wá tajà, ṣùgbọ́n ibòmíì ni wọ́n ń sùn.

Nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Òkúta Abẹ́òkúta ti di onílé létí òkun. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àlejò FESTAC ní 1977 ti di tiwa. Ìyá ẹlẹ́ja ló wá di àlejò nílùú rẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá wa ra ẹja wọn.