Omi tó jò padà sínú kànga

Ẹ̀yin ọmọ WAEC àti JAMB, ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi ká lọ 🧵

Wọ́n kọ́ wa pé iṣẹ́ ni force lọ́nà distance. Òótọ́ ni, tí force yẹn ò bá yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo kànga wa ní Mákùn, Ṣágámù níbí.

Okùn rẹ̀ gùn tó mítà 12, ó wúwo tó kílò 2.4. Guga gba omi kílò 8. (Guga rọ́bà fúyẹ́, ẹ jẹ́ ká fò ó.) Nísàlẹ̀, omi àti gbogbo okùn lẹ̀ ń fà: 104 Newton, tí g bá jẹ́ 10. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà ni okùn ń kó jọ sẹ́sẹ̀ yín, ẹrù ń fúyẹ́. Tó bá dé ẹnu kànga, ó ku omi nìkan: 80. Èwo lẹ fẹ́ fi lọ́nà 12 báyìí?

Ẹ ya gíráàfù. Force lọ sókè, distance lọ sápá ọ̀tún. Ìlà á máa sọ̀ kalẹ̀ láti 104 dé 80. Àyè tó wà lábẹ́ ìlà yẹn ni iṣẹ́. 104 àti 80, ẹ pín in sí méjì, 92. Lọ́nà 12: 1,104 Joule.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àyè? Ẹ gé ìrìn guga yẹn wẹ́wẹ́, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Láàárín sẹ̀ǹtímítà kan, force ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ráyè yí padà, torí náà òfin SS1 yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá tín-ín-rín kan nìyẹn lórí gíráàfù. Ẹ to gbogbo ọ̀pá náà pọ̀, àyè ló dà.

Ibi tó kàn mí gan-an rèé. Àbúrò mi obìnrin máa ń pọnmi fún ìyá olóúnjẹ kan kó tó lọ sílé ìwé. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń kà sanwó fún un. Guga ẹ̀ sì ti lu: kílò 8 wọlé nísàlẹ̀, 5 ló ń dé òkè. Ká ní ó ń jò lọ́gbọọgba, ìlà á bọ́ láti 104 sí 50. Àyè abẹ́ ẹ̀ jẹ́ 924 Joule.

Ẹ ṣírò ẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà méjì. Guga tó lu: ẹ̀ẹ̀mẹjọ, 7,392 Joule. Guga tó pé: ẹ̀ẹ̀marùn-ún, 5,520. Owó kan náà o! Omi tó padà sínú kànga ló jẹ ìyókù, láàárọ̀ kùtù, lórí apá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Lóòótọ́ jíjò kì í lọ́gbọọgba. Nígbà tí guga bá kún ló máa ń yára jò jù, torí náà ìlà á tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Kò burú. Ẹ ka àpótí orí pépà gíráàfù. Èyí tó bá tó ìdajì, ẹ kà á sí odidi. Bí àpótí kan bá jẹ́ 10 Newton sókè àti mítà 1 sápá ọ̀tún, 10 Joule nìyẹn.

Kì í ṣe ọgbọ́n ìdánwò lásán. Ní 1796, John Southern, òṣìṣẹ́ James Watt nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irinṣẹ́ kan tí ń fi pẹ́ńsù ya bí agbára ooru ṣe ń yí padà nínú ẹ́ńjìnnì. Àyè àwòrán náà ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ tó ṣe. Wọ́n fi pamọ́ bí àṣírí fọ́dún gbọọrọ. Ẹ ò rí ayé?

Mo gbé gíráàfù tèmi fún Màmá. Wọ́n ní ṣé ìlà ló máa pọnmi ni. Mo ní ó dáa, ẹ wò ó: ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tú ìdí ìró, wọ́n ní kí n bá àwọn ra guga bọ̀ lọ́jà.