Bí Bàbá Bá Ti Kú, Ta La Ó Bi?

Láyé àtijọ́, bí ọmọ tí ẹnì kan ò mọ̀ rí bá yọjú lẹ́yìn ìsìnkú, tó ní òun náà jẹ́ ọmọ olóògbé, ojú la kọ́kọ́ máa ń wò. Àwọn àgbà obìnrin ilé á wo iwájú orí, wọ́n á wo ìrìn, wọ́n á wo ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè èyí tó wúwo jù: ṣé olóògbé jẹ́wọ́ ọmọ yìí? Ṣé ó sọ ọ́ lórúkọ, ṣé ó mú un lọ kí ìyá rẹ̀? Bàbá tó bá ti gba ọmọ lójú ayé ti parí ọ̀rọ̀, ìbáà má fẹ́ ìyá ọmọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 42, náà sì kọ̀ kí a fi ipò ìbí du ọmọ lẹ́tọ̀ọ́. Àwọn tí bàbá wọn dákẹ́ títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ ni ìyà ń jẹ.

Àwọn yẹn ni àyẹ̀wò DNA fẹ́ gbà sílẹ̀. Híhú òkú jẹ́ ohun tí ẹbí kì í fẹ́ gbọ́, nítorí náà, àwọn tó ṣẹ́kù nílé ni wọ́n máa ń fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Bí bàbá àti ìyá olóògbé bá wà láyé, ìyẹn ló dára jù. Bí wọn kò bá sí, a ó lo àwọn ọmọ rẹ̀ mìíràn tàbí àwọn tí wọ́n jọ bí, ṣùgbọ́n èsì tiwọn kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí n mọ ibi tí agbára àyẹ̀wò yìí mọ. Ó kú ní 1826. Sally Hemings, ẹrúbìnrin rẹ̀ ní Monticello tó jẹ́ ibùgbé rẹ̀, bímọ púpọ̀, àwọn èèyàn sì ń sọ pé Jefferson ló ni wọ́n. Ẹbí rẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀, àwọn Carr, ni kí wọ́n lọ bi. Ní 1998, wọ́n yẹ krómósómù Y wò, èyí tí ọkùnrin ń gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí bàbá náà gbà lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Jefferson kò ní ọmọkùnrin tó dàgbà látọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n bá lọ bá àrọ́mọdọ́mọ Field, arákùnrin bàbá rẹ̀. Ti àrọ́mọdọ́mọ Eston, ọmọ ìkẹyìn Sally, bá tiwọn mu. Kò bá ti àwọn Carr mu rárá.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà kò dárúkọ Thomas. Ó ní ọkùnrin Jefferson kan ni, bẹ́ẹ̀ Thomas ní àbúrò ọkùnrin, àbúrò náà sì ní àwọn ọmọkùnrin. Agbo ilé ni ẹ̀jẹ̀ tọ́ka sí, kò tọ́ka sí yàrá. Ìwé àkọsílẹ̀ ló fi hàn pé Thomas wà ní Monticello ní gbogbo ìgbà tí Sally lóyún. Madison, ọmọ Sally mìíràn, sì ti sọ ọ́ ní gbangba ní 1873 pé Jefferson ni bàbá òun. Inú mi dùn pé èèyàn ṣì ní láti jẹ́rìí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù wà níbòmíràn. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò bá ti àbúrò olóògbé mu, ṣé ọmọ ni kì í ṣe ọmọ, àbí àbúrò ni kì í ṣe àbúrò? Àyẹ̀wò ẹni méjì kò lè dáhùn ìyẹn. Mo mọ àgbà ilé kan tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi òwú kan ẹnu òun. Àwọn ọ̀dọ́ ní ojúkòkòrò ilẹ̀ ló ń ṣe é. Èmi rò pé ìyá rẹ̀ ló ń dáàbò bò.