Ìlà Mẹ́ta Lẹ́yìn Àwòrán

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Musulumi, bí ẹ bá wọ yàrá àwọn àgbà ní Ajangbadi, Ọ̀jọ́ tàbí Ìbà, ẹ wo ara ògiri dáadáa. Ẹ lè rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú aṣọ sójà, tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni àwa ń kó jọ: ti àwọn tí wọ́n lọ bá Japan jà ní Burma. Àwọn kan ń fi owó ńlá ra àwòrán ọ̀gágun Jámánì tí ó fọwọ́ sí i. Àwa kò rí ìdí tí a ó fi lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Bí àmì aláǹtakùn bá wà ní apá sójà náà, Dífísọ̀n 81 ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ọ̀kọ̀ tí ó dábùú ara wọn ni ti 82. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwòrán ni a kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí.

Ní 2006, ìyá àgbà kan ní Ìbà yá wa ní ti olóògbé ọkọ rẹ̀. Ilé kéwú ni bàbá náà lọ, nítorí náà lẹ́tà Lárúbáwá ni ó fi kọ ìlà mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. A ní àfáà yóò bá wa kà á ní ọjọ́ Jímọ̀. Kí Jímọ̀ tó dé, a ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, kí ó má baà sọnù! Nígbà tí a ṣí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ya, tàdáwà sì bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó kà á rí.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ọta ìbọn bà lẹ́bàá odò Kaladan ní 1944. Àgbẹ̀ Musulumi kan, Shuyiman, ni ó fi òun àti David Kargbo ará Sierra Leone pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ó ń bọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn Japan lè pa òun. Ẹni mélòó ni ìbá mọ orúkọ Shuyiman, bí kì í bá ṣe pé Fadoyebo kọ ọ́ sílẹ̀? Orúkọ ta ni ó wà nínú ìlà mẹ́ta tiwa?

A dá àwòrán náà padà, a sì dọ̀bálẹ̀. Ìyá fi àtàǹpàkò ra ibi tí ó ya, ó yí i padà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú rẹ̀ ṣì wà."

Ó gbé e kọ́ ògiri. Kò tún yá wa ní nǹkan kan mọ́.