Ẹ̀rọ gbọ́ “a dúpẹ́”, ó ní inú màmá mi dùn



Kò sí ibi àríyá tí mo dé ní Dublin yìí tí ẹnìkan ò ní bi mí pé, “Àbúrò, kí lò ń kà gan-an?” Tí mo bá ti dáhùn pé mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ bóyá inú èèyàn dùn, inú ń bí i, tàbí ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rín ni. Àǹtí kan tiẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ ọkọ òun ná. Mo wá ní kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé lónìí, kó lè jẹ́ pé ibí ni màá máa darí ẹni tó bá tún bèèrè sí.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní MIT, ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kan jáde tó pè ní ELIZA. ELIZA ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ fún un náà ló máa yí padà di ìbéèrè. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń tú inú wọn fún un. Ní 1997, Rosalind Picard, MIT náà ni, kọ ìwé Affective Computing, orúkọ ìwé yẹn la sì ń pe ẹ̀ka ìmọ̀ yìí títí dòní. Bí a ṣe ń ṣe é ò ṣòroó yé: a ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn jọ, àwọn èèyàn á kà wọ́n, wọ́n á fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀lára mẹ́fà tí Paul Ekman kà sílẹ̀ la sábà máa ń lò: ìbínú, ìbànújẹ́, ẹ̀rù, ìríra, ayọ̀, ìyàlẹ́nu. Tí kọ̀ǹpútà bá wá rí gbólóhùn tuntun, á wo èyí tó jọ nínú àwọn tó ti rí tẹ́lẹ̀.

Èdè wa náà ti wà níbẹ̀. Ní 2022, àwọn ọmọ Nàìjíríà àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé NaijaSenti jáde: ọ̀rọ̀ orí Twitter bíi 30,000 ní Hausa, bẹ́ẹ̀ ní Igbo, bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, àti 14,000 ní Pidgin. Bóyá ọ̀rọ̀ náà dáa, kò dáa, tàbí ó wà láàárín ni wọ́n wò. Ní 2023, AfriSenti dé, èdè Áfíríkà 14, ọ̀rọ̀ tó lé ní 110,000. Ní 2025, BRIGHTER kó èdè 28 jọ, Yorùbá wà lára wọn, èyí sì ń bèèrè irú ìmọ̀lára tó wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ bá mi kí wọn o. Tí wọn ò bá ṣe tiwọn, mi ò bá má rí ibi bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, “inu mi dun” jẹ́ ayọ̀, “o dun mi” sì jẹ́ ìrora. D-u-n kan náà ni. Ibi tí “mi” jókòó sí ló yàtọ̀. “Inu mi dun”, “inu n bi mi”, “inu n run mi”: inú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ọ̀kan ń jó, ọ̀kan ń jà, ọ̀kan ń wá oògùn.

Lédè tiwa, ìmọ̀lára ló máa ń wá bá èèyàn: ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, àánú ń ṣe mí. Ìgbà tí mo dé ibí ni mo tó mọ̀ pé àwọn ará Ireland náà jọ wá. Ní Gaeilge, èdè ìbílẹ̀ wọn, ẹni tó ń banú jẹ́ á ní “tá brón orm”: ìbànújẹ́ wà lórí mi. Ayọ̀ náà wà lórí wọn, “tá áthas orm”. Ẹ̀rù náà wà lórí wọn, “tá eagla orm”. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, ara mi móoru díẹ̀ nínú òtútù ìlú yìí.

Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ wo ohun tá a máa ń kọ tí iná bá lọ káàkiri Nàìjíríà: “A ti kú tán”, emoji ẹ̀rín mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀rọ á ka ẹ̀rín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á ní ayọ̀ ni.

Àwa mẹ́ta la jọ ń fi àmì sí àwọn gbólóhùn tèmi: èmi, arábìnrin kan ní Tallaght tó dàgbà ní Ìbàdàn, àti bàbá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. A dé orí gbólóhùn yìí: “Ẹ ṣé gan-an ni o. Ọlọ́run á san án fún yín.” Mo fi ayọ̀ sí i. Arábìnrin yẹn fi ìbínú sí i. Bàbá ò fi nǹkan kan sí i, voice note ni wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ọmọ mi, ta ló sọ ọ́? Ta ló ń sọ ọ́ fún? Kí lonítọ̀hún ṣe fún un?”

Tóo bá bá èèyàn san owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀, àdúrà ni. Tóo bá kó owó àjọ wọn jẹ, èpè ni. Àṣà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa ni pé ohun tí ẹni méjì nínú mẹ́ta bá fẹnu kò lé lórí la máa ń mú; tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra, a lè ju gbólóhùn náà nù. Ìyẹn ni pé èyí tó jẹ́ Yorùbá jù lọ nínú ọ̀rọ̀ wa ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ lè ní ohùn ńkọ́? Ní Trinity níbí, Christer Gobl àti Ailbhe Ní Chasaide ti tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003 lórí ohùn àti ìmọ̀lára. Wọ́n rí i pé kò sí irú ohùn kan tó jẹ́ ti ìmọ̀lára kan ṣoṣo. Tiwa tún wá le sí i, torí pé bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò ti níṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀: òun ló ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù ní 2023. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìpè wọn kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan pé ó ń bínú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ àdúrà ló ń gbà. Ọ̀gá ẹ̀ pè é. Látìgbà náà ló ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Láti February 2, 2025, òfin European Union ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ka ìmọ̀lára òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ láti ojú tàbí ohùn wọn, àfi fún ìlera tàbí ààbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin yẹn ò dé Èkó, kò sì kan ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe màmá mi. “A dúpẹ́, ọkọ mi. Gbogbo wa wà dáadáa. Ṣé o ti jẹun?” Ní ọjọ́ kẹta ni mo fura, torí pé ìgbà tá a bá fẹ́ gé fóònù ni wọ́n máa ń bèèrè oúnjẹ, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi bèèrè. Mo pe àbúrò mi obìnrin, ó sọ òótọ́ fún mi. Bàbá ti padà sílé, a dúpẹ́, èyí tòótọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mo tẹ gbólóhùn màmá mi sínú ẹ̀rọ tí mò ń kọ́. Ayọ̀, ló wí. Kí ni mo fẹ́ kó sọ? Kò tíì bá màmá mi gbé rí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mi ò ju ìdáhùn kankan nù mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀rọ ń kọ́, mo sì ń kọ́ ọ láti sọ pé “kò yé mi tó, ẹ ṣàlàyé”. Máàkì ẹ̀ lọ sílẹ̀ nínú ìdánwò. Olùdarí mi bèèrè bóyá màá lè dúró lé e níwájú àwọn tó máa dán mi wò. Mo ní màá dúró. Àwọn èèyàn ti ń bá kọ̀ǹpútà sọ ìṣòro wọn lóru, àwa tá a wà lájò pàápàá. Ẹnìkan á tẹ “a dúpẹ́ ṣá”. “Ṣá” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ̀rọ bi í pé “ṣé kò sí o?” ju kó máa bá a yọ̀.

Torí náà mo fẹ́ kẹ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àwọn ará ibí ní “I'm grand”, tí wọ́n lè fi bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Kí lẹ̀yin máa ń sọ fáwọn ará ilé tí nǹkan ò bá lọ dáadáa? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ bóyá màmá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó lẹ sọ ọ́ fún. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní fi ìkankan sínú iṣẹ́ mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ yín.