Ahun Iná Ni Mí, Mo Jẹ́wọ́

Ahun ni wọ́n ń pè mí nínú agboolé wa ní Bẹyẹrunkà, n'Ìbàdàn, mi ò sì jiyàn. Bí gílóòbù bá ń tàn nínú yàrá tí kò sí èèyàn, èmi ni n ó wọlé lọ pa á, ìbáà jẹ́ yàrá àwọn ọkọ mi kéékèèké. Bí ìkòkò bá wà lórí iná láìní ọmọrí, èmi ni n ó wá ọmọrí kàn. Àwọn obìnrin ilé a máa rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ti dé o, ẹ tètè pa iná!" Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà'ba, èrè orí rẹ̀ kò sì tó ohun tí èèyàn ń dà síná. Mo fẹ́ jẹ́rìí ohun tí ahun yìí ti ṣe fún ilé wa, kí n sì sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Yúníìtì kan tí wọ́n ń rà ní naira 68 di naira 225. Lásìkò yẹn náà ni Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn wa, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nígbà náà, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kò mọ bí a ti ń ṣọ́ iná lò. Ó ní ẹlòmíì a gba ibi iṣẹ́ lọ, a sì fi fírísà sílẹ̀ lórí iná, bẹ́ẹ̀ ohun inú rẹ̀ ti dì gbagidi. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn èèyàn nínú káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi, àwọn tó ń ta omi tútù ń bi ara wọn pé iná wo gan-an ni fírísà ọ̀hún ń rí jẹ.

Èmi ò bínú tó wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ilé bíi tiwa, ohun tó ń gbóná ló ń jẹ owó ju ohun tó ń tutù lọ.

Ẹ yí ohun èlò yín padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀, wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Gílóòbù LED tó ń tan yàrá kan lè má ju wáàtì 9 lọ. Áyọ́ọ̀nù a máa tó 1,000, òmíràn a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ìlìn ríìn tí àwọn ọmọ ń kì bọ báàkẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ láàárọ̀ náà kì í gbẹ́yìn. Wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan. Iná tí áyọ́ọ̀nù jẹ ní wákàtí kan, gílóòbù wáàtì 9 yóò fi tàn ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ. Gílóòbù àtijọ́ tí ń jó èèyàn lọ́wọ́ pàápàá, ooru ló ń ṣe ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tan oníwáàtì 60 sí ẹnu ọ̀nà fún wákàtí méjìlá lálaalẹ́, yóò jẹ yúníìtì tó lé ní 21 lóṣù. LED wáàtì 9 kò ní jẹ tó mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ aṣọ, gbogbo rẹ̀ pọ̀, nígbà tí ó ṣì rin díẹ̀, kí áyọ́ọ̀nù má baà máa gbóná lẹ́ẹ̀méje fún aṣọ méje. Omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ, oòrùn ọ̀sán ló ń bá mi yá a nínú báàkẹ́ẹ̀tì dúdú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n mítà gan-an ló sọ mí di ahun. Kí ó tó dé, owó àfojúdá là ń san. Bí a tan iná, bí a kò tan iná, ìwé owó ń bọ̀. Ta ni yóò ṣọ́ nǹkan lò níbi tí ìṣọ́ra kò ti lérè? Nígbà tí mítà tí a ń rà yúníìtì sí dé, a yọ̀, àfi bí ìjà mìíràn ṣe bẹ̀rẹ̀. Mítà kan ni, yàrá pọ̀. Dọ́gbadọ́gba là ń dá owó nígbà náà: bàbá àgbà tó ní gílóòbù kan àti rédíò ń san iye kan náà pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní bọ́ìlìn ríìn, fírísà àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ń ṣahun nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ló ń ṣe é fún. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá Baálé wa, ó sì pe ìpàdé. A kọ ohun èlò yàrá kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, a wá pín ilé sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tó ní gílóòbù nìkan, àwọn tó fi fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kún un, àti àwọn tó ní ohun tó ń se omi tàbí tó ń mú nǹkan dì. Oníkálukú ń san bí ipò rẹ̀ ti rí. Wọ́n bú mi lọ́jọ́ náà o, wọ́n ní mo fẹ́ da ilé rú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí bọ́ìlìn ríìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó wàásù.

Ìdáná kò sí lórí mítà wa, èédú àti gáàsì la fi ń ṣe é, ibẹ̀ sì ni owó ń bá lọ jù. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, bẹntiróòlù tí kò tó igba naira jálá kan di ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó èédú bọ̀ láti Òkè-Ògùn, epo náà ló ń mu. Ọmọ Ìbàdàn kò sì lè torí owó gáàsì fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀.

Bí mo ti ń ṣe tèmi nìyí. Mo ń rẹ ẹ̀wà, mo ń bó o, mo ń bu omi tó kàn bò ó mọ́lẹ̀ sí i, mo ń fi káún bíńtín sí i, mo ń dé e. Bó bá ti hó dáadáa tó sì ti ń rọ̀, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀, n ó fi ògbólógbòó ìró wé ìkòkò náà, n ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tí mo ti fi àkísà tẹ́, n ó sì gbé ìrọ̀rí lé e lórí. Ooru inú rẹ̀ ni yóò sè é parí. Bí mo bá ti ọjà dé, ó ku ìjábẹ̀. Ní South Africa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Collins gbé àpò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí jáde ní 2008, ó pè é ní Wonderbag. Àwọn ìyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi àpótí tó kún fún koríko gbígbẹ ṣe é nígbà ogun àgbáyé. Ìró àti ìrọ̀rí tèmi kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ní ti àmàlà, ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ gbọ́: èlùbọ́ tó gbẹ tó sì kúnná, omi híhó ló ń fẹ́. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ẹ tó rò ó, kí omi tó kù sì wọnú fúláàsì.

Ọ̀rọ̀ òtútù náà kò ṣòro. Ògiri amọ̀ ilé wa nípọn, yàrá ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, àmù ìyá ọkọ mi sì ṣì wà lẹ́nu ìloro. Omi tó ń rin jáde lára rẹ̀ ń bá atẹ́gùn lọ, òun ló ń mú èyí tó kù tutù. Irú ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, lò láàárín ọdún 1990 sí 2000: ó ki ìkòkò amọ̀ kan bọ inú èkejì, ó da yanrìn tútù sí àárín wọn, tòmátò sì ń pẹ́ nínú rẹ̀. Rolex fún un lẹ́bùn lórí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ni ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ jù lọ́dọ̀ wa, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti lómi tó.

Mínísítà kò sì purọ́ tán lórí fírísà. Èyí tó kún fọ́fọ́, bí a kò bá ṣí i, lè dúró ní dídì fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju bí ọjọ́ kan lọ. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi olómi tútù pé kí wọ́n má fi àyè òfìfo sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá omi dí i.

Ó níbi tí ahun mi ń dúró. Mi ò ní gbé èédú wọ yàrá tí wọ́n tì pa, nítorí afẹ́fẹ́ burúkú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa àwọn tó ń sùn. Mi ò ní pa iná lójú ọmọ tó ń kàwé, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní gba fáànù lọ́wọ́ aláìsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní agboolé bíi tiwa, láti Màpó dé Bẹẹrẹ, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó tún dá owó yúníìtì, ẹ pe ara yín jókòó, kí ẹ kọ ohun èlò oníkálukú sílẹ̀. Kí ẹni tó ń jẹ púpọ̀ san púpọ̀, kí ẹni tó ń jẹ díẹ̀ san díẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lápò, ẹ fi ra oúnjẹ.